Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Òtítọ́: Ẹ Má San Owó Ìdáríjì Kí Ẹ Tó Rí Ọjà

Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ tí a bọ̀wọ̀ fún,

A kí yín kú iṣẹ́ ńlá tó wà níwájú yín. Orílẹ̀-èdè yòówù tí wọ́n ti yàn yín, ọ̀rọ̀ náà jọra. Ìjọba tó ń gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ lóru, tó sì ń purọ́ fún àwọn òbí wọn nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ti kúrò lórí àlééfà. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ibi náà kò kúrò níbì kankan. Wọ́n wà ní bárékè, wọ́n wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, àwọn kan ti di aṣòfin. Bí ẹ bá ní ẹ ó gbé gbogbo wọn lọ sílé ẹjọ́, ìbọn ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ bá sì ní kí gbogbo wọn máa lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ìyá tó ń wá egungun ọmọ rẹ̀ yóò béèrè ohun tí ìjọba tuntun fi sàn ju ti àtijọ́ lọ. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ dé oríta yìí. Láti ọdún 1983 tí Ajẹntínà ti gbé irú ìgbìmọ̀ yín kalẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń tú ìwà ibi ìjọba àná síta, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ti gba ibẹ̀ kọjá, ibi tí wọ́n ti fẹsẹ̀ kọ sì wà nínú àkọsílẹ̀.

A kò kọ̀wé láti wàásù ìdáríjì fún yín, a kò sì ní kí ẹ so ẹnikẹ́ni kọ́. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ìdáríjì lábẹ́ òfin, owó ni. Òtítọ́ ni ọjà tí ẹ fẹ́ fi rà. Àwọn àgbà ti sọ pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, pé owó lọ́wọ́ là ń ra èkè. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò fi owó lélẹ̀ fún òtítọ́ ní ìlú yín. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjà náà fínnífínní kí ẹ tó na ọwọ́ sí àpò, nítorí owó yìí kò ṣeé gbà padà.

Gúúsù Áfríkà ló ṣe é tó sún mọ́ bó ṣe yẹ jù lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ ká tú òfin wọn palẹ̀ díẹ̀. Òfin 34 ti ọdún 1995, èyí tó dá ìgbìmọ̀ òtítọ́ wọn sílẹ̀, kò dárí ji ológun tàbí ọlọ́pàá lápapọ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní láti kọ̀wé béèrè, ìwà ibi kọ̀ọ̀kan ló sì ní láti dárúkọ. Ìwà náà gbọ́dọ̀ bọ́ sí àárín ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 1960 sí ọjọ́ kẹwàá oṣù Karùn-ún ọdún 1994. Ó gbọ́dọ̀ jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ òṣèlú, kì í ṣe ìjà ara ẹni tàbí olè jíjà. Ẹni náà sì gbọ́dọ̀ tú gbogbo ohun tó mọ̀ síta, títí kan ẹni tó pàṣẹ fún un. Bó bá jẹ́ ìpànìyàn tàbí ìdánilóró, ní gbangba ni wọ́n máa ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Àwọn tó béèrè jẹ́ 7,112. Wọ́n fún 849, wọ́n kọ̀ fún 5,392. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ̀ fún jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n tó kàn fẹ́ fi orúkọ òṣèlú bo ọ̀ràn lásán mọ́lẹ̀. Ẹ retí tiyín náà. Bí ẹ kò bá ní òṣìṣẹ́ tí yóò kọ́kọ́ ṣa ìwé wọ̀nyí sọ́tọ̀, ọdún méjì àkọ́kọ́ yóò bá wọn lọ.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí òfin náà kò béèrè. Kò béèrè ẹkún. Kò síbi tó ti sọ pé kí ẹni náà tọrọ àforíjì. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn sí èyí, ṣùgbọ́n lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n òfin náà wà. Ẹnikẹ́ni lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń sunkún níwájú kámẹ́rà. Ìgbìmọ̀ kò ní òṣùwọ̀n tí yóò fi wọn ẹkún, ó ní èyí tí yóò fi wọn ọ̀rọ̀: ibi tó ní òun sin òkú sí, ṣé òkú wà níbẹ̀?

Nísinsìnyí ẹ wá wo ibi tó ti yẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá tó béèrè ìdáríjì lórí ikú Steve Biko, ajàfẹ́tọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú tó kú sí àtìmọ́lé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1977, sọ pé ìjàkadì ló mú kí orí rẹ̀ gbá ògiri. Ìgbìmọ̀ kò gbà wọ́n gbọ́. Ní ọdún 1999, wọ́n kọ̀ fún wọn. Títí dé ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́ bí òfin ṣe wí. Nígbà tó di ọdún 2003, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba ní ẹ̀rí kò tó láti pè wọ́n lẹ́jọ́. Wọ́n purọ́, a kò dárí jì wọ́n, wọ́n sì lọ sílé. Kí wá ni èrè ẹni tó sọ òtítọ́?

Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Ẹ̀rù ilé ẹjọ́ ló ń lé ènìyàn wá sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀, bí ẹ̀rù náà bá sì lọ, ìgbìmọ̀ á ku àga lásán. Ní ọdún 1996, ilé ẹjọ́ dá Eugene de Kock lẹ́bi, ọ̀gá ẹ̀ka ọlọ́pàá apànìyàn tó wà ní Vlakplaas. Ẹ̀wọ̀n gbére méjì pẹ̀lú ọdún 212 ni wọ́n jù ú sí. Àwọn ọlọ́pàá tó bá a ṣiṣẹ́ rí i, wọ́n sì ń sáré kọ̀wé béèrè ìdáríjì. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ilé ẹjọ́ mìíràn dá Magnus Malan, mínísítà ètò ààbò tẹ́lẹ̀, àti àwọn tí wọ́n jọ pè lẹ́jọ́ sílẹ̀. Àwọn ológun náà rí i. Wọ́n jókòó sílé. Títí di òní, ohun tí a mọ̀ nípa iṣẹ́ ibi àwọn ọlọ́pàá ìgbà apartheid, ìyẹn ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà tó ti lọ, ju ohun tí a mọ̀ nípa tàwọn ológun rẹ̀ lọ dáadáa. Òfin kan náà ni, ìgbìmọ̀ kan náà ni; ẹjọ́ méjì tó parí sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló fa ìyàtọ̀ náà.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà parí iṣẹ́, ó fa nǹkan bí ẹjọ́ 300 lé agbẹjọ́rò ìjọba lọ́wọ́. Díẹ̀ péré ló dé iwájú adájọ́. Ahmed Timol, ajàfẹ́tọ̀ọ́ tó ta ko apartheid, já bọ́ láti àjà kẹwàá àgọ́ ọlọ́pàá kan ní Johannesburg ní ọdún 1971. Ìwádìí ọdún 1972 ní òun fúnra rẹ̀ ló para rẹ̀. Ọdún 2017 ni adájọ́ tó yí ìdájọ́ yẹn padà, ọdún 2018 ni wọ́n tó pe Joao Rodrigues, ọlọ́pàá tó wà nínú yàrá náà lọ́jọ́ yẹn, lẹ́jọ́ ìpànìyàn. Ó kú ní ọdún 2021, ìgbẹ́jọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2025, Ààrẹ Cyril Ramaphosa tún ní láti gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí mìíràn kalẹ̀ láti mọ̀ bóyá ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ tẹ àwọn ẹjọ́ wọ̀nyẹn rì. Ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ohun tí ìgbìmọ̀ ti wádìí!

Ohun tí a ń bẹ̀ yín sí ni pé kí ẹ kọ ọ́ sínú òfin yín kan náà pé ẹ̀ka agbẹjọ́rò kan yóò wà fún ọ̀ràn wọ̀nyí nìkan, tí yóò ní owó tirẹ̀ àti ọlọ́pàá aṣèwádìí tí kò bá ìjọba àná ṣiṣẹ́. Kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ̀yin náà bẹ̀rẹ̀, má jẹ̀ẹ́ kó di ìgbà tí ẹ bá parí. Kí gbèdéke ìbéèrè ìdáríjì ní ọjọ́ kan pàtó, kí ìwé ẹ̀sùn àkọ́kọ́ sì ti wà nílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Gúúsù Áfríkà sún gbèdéke tirẹ̀ síwájú títí ó fi di ọgbọ̀nọjọ́ oṣù Kẹsàn-án ọdún 1997. Sísún lẹ́ẹ̀kan kò burú, torí àwọn tó ń bẹ̀rù máa ń dúró wo ẹlòmíràn ná. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, wọ́n á mọ̀ pé ẹ kò ní ẹgba lọ́wọ́.

Àwọn kan yóò wá sọ fún yín pé kí ẹ kúkú dárí ji gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, kí ilẹ̀ lè rọ̀. Ẹ fi El Salvador hàn wọ́n. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1993, ìgbìmọ̀ òtítọ́ níbẹ̀ gbé ìròyìn rẹ̀ jáde, ó sì dárúkọ àwọn tó pa ènìyàn. Ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn náà, ilé aṣòfin dárí ji gbogbo wọn pátápátá. Ní ọdún 2016, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ wọ́gi lé ìdáríjì náà. Ní Ajẹntínà, òfin ọdún 1986 fún àwọn agbẹjọ́rò ní 60 ọjọ́ péré láti pe ẹjọ́ tuntun, ti ọdún 1987 sì dá àwọn tó ní àṣẹ ọ̀gá ni àwọn tẹ̀ lé láre. Ilé aṣòfin fagi lé méjèèjì ní ọdún 2003, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ náà sì ní wọn kò bá òfin ìpìlẹ̀ mu ní ọdún 2005. Àwọn arúgbó ológun tí wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ti tán tún bá ara wọn níwájú adájọ́. Ní Gúúsù Áfríkà ńkọ́? Àwọn ẹbí Biko pẹ̀lú àwọn mìíràn pe òfin ìdáríjì náà lẹ́jọ́ ní ọdún 1996, ilé ẹjọ́ sì gbè é lẹ́sẹ̀, nítorí pé ohun kan wà tí ìlú gbà fún un. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọ̀gágun tó bá yọ́ wá bá yín lálẹ́: ìdáríjì ọ̀fẹ́ kì í pẹ́ já.

Owó kejì wà, èyí tí wọ́n jẹ àwọn tí ìyà jẹ. Àṣìṣe tó dun ènìyàn jù lọ nínú ìtàn Gúúsù Áfríkà ló wà níbí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dárí ji apànìyàn, lọ́jọ́ náà ló ń di òmìnira, ẹni tí wọ́n pa ọkọ rẹ̀ kò sì lè pè é lẹ́jọ́ gba kọ́bọ̀ mọ́. Àmọ́ owó gbà-má-bínú ti opó náà, àbá lásán ni ìgbìmọ̀ lè dá fún ìjọba. Wọ́n dábàá kí ìjọba máa sanwó lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́fà. Ìjọba dúró di ọdún 2003, ó sì san ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo: 30,000 owó rand fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ẹ̀rí wọn wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ nìkan ló tọ́ sí, ẹni tí kò gbọ́ tàbí tí ẹ̀rù bà láti wá nígbà náà ti pàdánù. Ẹni tó ṣẹ̀ gba tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ń tò lórí ìlà. Ẹ yẹra fún èyí ju ohunkóhun lọ. Ẹ dá àpò owó náà sílẹ̀ nínú òfin kan náà tó dá ìdáríjì sílẹ̀, kí ẹ sì fi ilẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ bá ti tú ká.

Nípa ìwé. Bí ẹ ti ń ka lẹ́tà yìí, ẹnì kan ń dáná sun nǹkan. Ní ọdún 1993, kí ìjọba apartheid tó lọ, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 44 ìwé ilé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni wọ́n jù sínú iná ìléru. Ní Jámánì, àwọn Stasi, ọlọ́pàá inú ti Ìlà-Oòrùn Jámánì àtijọ́, fa ìwé ya títí ẹ̀rọ fi bàjẹ́, wọ́n wá ń fi ọwọ́ ya á. Nǹkan bí àpò 16,000 ni wọ́n bá níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi ń tò wọ́n pọ̀ wẹ́wẹ́. Ní Guatemala, wọ́n sọ fún ìgbìmọ̀ pé ìwé ọlọ́pàá kò sí. Ìgbìmọ̀ kọ ìròyìn rẹ̀ ní ọdún 1999 láìrí wọn. Ní oṣù Keje ọdún 2005, àwọn tó lọ wo ibi tí wọ́n kó ohun abúgbàù sí ṣàdédé bá ìwé tó tó 80 mílíọ̀nù ojú ewé nínú ilé kan, ọ̀rinrin ti ń jẹ ẹ́.

Nítorí náà, ọjọ́ kìíní ni kí ẹ ti àwọn yàrá ìwé pa. Ẹ gba àṣẹ ilé ẹjọ́ pé ẹni tó bá fọwọ́ kan ìwé kan dá ọ̀ràn. Ẹ fi èdìdì sí ilẹ̀kùn, ẹ ka àpótí, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ má sì ti ilé iṣẹ́ tó ni ìwé náà wá. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wá ohun tí adáná-sunwé máa ń gbàgbé: ìwé owó oṣù, ìwé ìrìnnà ọkọ̀ ìjọba, rìsíìtì epo, ìwé mọ́ṣúárì, ìwé ìtẹ́ òkú. Ọkọ̀ tó kúrò ní bárékè lágogo méjì òru, tó jo epo 60 lítà, tó sì padà lágogo márùn-ún, ó ti jẹ́rìí. Ní Ajẹntínà, ìwé ìtẹ́ òkú níbi tí wọ́n ti kọ „N.N.‟ síwájú òkú tí kò lórúkọ tọ́ka sí ibi púpọ̀ tí wọ́n sin àwọn tí wọ́n gbé lọ sí. Ṣùgbọ́n ìkánjú ba ibẹ̀ jẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1984, katapílà ni wọ́n fi hú àwọn sàréè kan. Egungun fọ́, ti ẹnì kan dà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn, ọta ìbọn inú rẹ̀ sọnù. Nígbà tí Clyde Snow, onímọ̀ nípa egungun òkú, dé láti Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn tó sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń fi búrọ́ṣì àti ṣíbí kékeré hú òkú, kò sí àtúnṣe fún èyí tó ti bàjẹ́. Ẹ fi òfin de katapílà. Ẹ ṣàlàyé fún àwọn ẹbí ìdí tí ẹ fi ń pẹ́, nítorí wọ́n á fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn wa á.

Nípa gbígba ẹ̀rí, ẹ ó gba púpọ̀: Gúúsù Áfríkà gba ti ènìyàn tó lé ní 21,000. Ẹ pinnu bí fọ́ọ̀mù yín ṣe máa rí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tiwọn, wọ́n ń yí i padà bí iṣẹ́ ti ń lọ. Bí wọ́n ti ń yí i ni ìtàn ẹlẹ́rìí ń kúrú, tí ó ń di àpótí kékeré tí kọ̀ǹpútà lè kà. Kọ̀ǹpútà ṣe pàtàkì lóòótọ́, láìsí i ẹ kò ní mọ̀ pé ọ̀gá ọlọ́pàá kan náà ni ìlú mẹ́fà ń dárúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbà á sílẹ̀ lóhùn, lódidi, ní èdè tí ẹlẹ́rìí fi sọ ọ́. Ẹ tọ́jú àwọn ògbufọ̀ yín pẹ̀lú. Ògbufọ̀ kì í sọ pé „ó ní wọ́n lu òun‟. „Wọ́n lù mí‟ ló ń sọ, látàárọ̀ dalẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wó lulẹ̀. Ẹ máa fi èkejì rọ́pò wọn, kí ẹ sì fún wọn ní ẹni tí wọ́n lè bá sọ̀rọ̀. Ẹ sì ṣètò ìjókòó ọ̀tọ̀ fún àwọn obìnrin: nínú ìjókòó gbogboogbò, ọ̀rọ̀ ọkọ àti ọmọ ni wọ́n ń sọ, wọn kì í dárúkọ ohun tí ojú àwọn fúnra wọn rí.

A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí ẹ bá fẹ́ dárúkọ, ẹ kọ̀wé sí i ṣáájú, ẹ sọ ohun tí wọ́n fi kàn án, kí ẹ fún un láyè láti fèsì. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí lásán nìyí. Ilé ẹjọ́ dá ìgbìmọ̀ Gúúsù Áfríkà lẹ́kun lórí ẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1998 tí wọ́n fẹ́ gbé ìròyìn jáde, F. W. de Klerk, ààrẹ tó kẹ́yìn nígbà apartheid, gba àṣẹ ilé ẹjọ́, wọ́n sì fi dúdú bo ibi tó kàn án lójú ewé. Ẹgbẹ́ òṣèlú ANC, tó bá apartheid jà tó sì wà lórí oyè nígbà náà, sáré lọ ilé ẹjọ́ láti dá ìròyìn náà dúró. Adájọ́ kò gbà fún wọn. Bí ìjọba àná àti tòní bá jọ ń bínú sí yín báyìí, bóyá ẹ ń ṣe é dáadáa ni.

Ẹ yẹ ìpìlẹ̀ òfin yín wò pẹ̀lú. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Oputa, tó wádìí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Nàìjíríà, gba ìwé ẹ̀sùn tó lé ní 10,000, ó sì fi ìròyìn rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 2002. Àwọn olórí ìjọba ológun tẹ́lẹ̀ mẹ́ta kọ̀, wọn kò yọjú. Ní ọdún 2003 Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé ìjọba àpapọ̀ kò ní agbára láti gbé irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún gbogbo ìpínlẹ̀ lábẹ́ òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999, ìjọba sì fi ìyẹn ṣe àwáwí, kò gbé ìròyìn náà jáde. Òfin àtijọ́ kan ni wọ́n gùn lé. Ẹ jẹ́ kí ilé aṣòfin ṣe tuntun fún yín, kí ó sọ pé ọjọ́ tí ẹ bá fi ìròyìn lélẹ̀ ni yóò di ti gbogbo ènìyàn.

Bí ilé ẹjọ́ àkànṣe tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ọ̀ràn wọ̀nyí bá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ kọ̀wé àdéhùn ṣáájú lórí ẹni tó lè rí ẹ̀rí ta. Ní Sierra Leone, méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ láìsí irú àdéhùn yẹn. Àwọn sójà kan kò wá sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ torí wọ́n rò pé ilé ẹjọ́ wà lábẹ́ tábìlì, tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Hinga Norman, olórí ẹgbẹ́ ajagun kan nígbà ogun abẹ́lé ibẹ̀, tó wà látìmọ́lé, fẹ́ jẹ́rìí ní gbangba ní ọdún 2003, ilé ẹjọ́ kọ̀, kò sì jẹ́rìí títí ó fi kú.

Ìpàdé yín àkọ́kọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ pe mínísítà ètò ìnáwó síbẹ̀ kí ẹ tó pe ẹlẹ́rìí kankan. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: èló ló wà nínú àpò gbà-má-bínú, ta ló ń fọwọ́ sí i, ọjọ́ wo ni ẹni àkọ́kọ́ máa gbà á? Ẹ kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, ẹ gbé e sínú ìwé ìròyìn lọ́jọ́ kejì. Bí kò bá ní èsì, ẹ máa gba ẹ̀rí lọ, ẹ máa ti yàrá ìwé pa lọ, ṣùgbọ́n ẹ má tíì tẹ fọ́ọ̀mù ìdáríjì.

Àwa ni tiyín,
Àwọn tó ń tọpa iṣẹ́ àwọn ìgbìmọ̀ òtítọ́